Ẹ má sọ ọmọ tí kì í ṣe ìbejì ní Táíwò

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Orúkọ tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń fún àwọn function kéékèèké tó ń pín mẹ́mórì nínú kọ̀ǹpútà ni. Ẹ má tíì sá lọ. Ọ̀rọ̀ náà kan fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, ó sì kan àṣírí tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo lọ sílé ní Adó-Àwáyè fún ọdún Iléyá, àbúrò mi kan tó ń lọ sí ilé kéú dé bá mi lójúde, níbi tí mo ti tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. Ó gbé wàláà kan tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sábẹ́ abíyá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń kà láti àárọ̀?" Mo ní kóòdù tó ń pín mẹ́mórì nínú Linux ni. Ó ní kí ló ń jẹ́ mẹ́mórì. Mo wo wàláà náà, mo ní, "Ohun tí o gbé sábẹ́ abíyá yẹn gan-an ni."

Kì í ṣe àwàdà. Ẹni tó bá ti lọ sí ilé kéú rí mọ bí wàláà ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á fi tàdáà kọ ọ̀rọ̀ sí i, ọmọ á kà á títí á fi há a sórí, á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún kọ òmíràn. Pátákó kan náà ni, ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ló ń yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mẹ́mórì kọ̀ǹpútà rí. Ẹ fọkàn yàwòrán yàrá kan tí wàláà kún inú rẹ̀, tí ẹnì kan ṣoṣo sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni náà ni kernel, ìyẹn apá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ẹni yòówù tó bá fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa lọ tọrọ wàláà. Tó bá lò ó tán, ó gbọ́dọ̀ dá a padà. Tí kò bá dá a padà, wàláà á tán nílẹ̀, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Tó bá dá a padà tó sì tún ń kọ nǹkan sí i, ìyẹn tún burú jù, torí wàláà náà lè ti di ti ẹlòmíràn.

Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ni kernel tó wà nínú fóònù Android. Torí náà, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ Linux yìí, fóònù ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ lọ́jà Adó náà wà nínú ẹ̀.

Àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́

Nínú Linux, tí apá kan kernel fúnra rẹ̀ bá nílò mẹ́mórì, bíi apá tó ń darí kámẹ́rà tàbí Wi-Fi, ó lè pe function kan tó ń jẹ́ kmalloc. Lẹ́tà k dúró fún kernel, alloc sì ni pé kí wọ́n pín nǹkan fúnni. Ṣùgbọ́n kmalloc kì í fọ wàláà kó tó gbé e jáde. Ohun tí ẹni tó lò ó kẹ́yìn kọ lè ṣì wà lórí ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tiyín kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí wàhálà. Tí ẹ ò bá kọ ọ́ kún, tí ẹ wá gbé e fún ẹlòmíràn wò, àṣírí ẹni àná ti tú nìyẹn. Irú àṣìṣe yìí ti ṣẹlẹ̀ nínú kernel lọ́pọ̀ ìgbà.

Ní 2005 ni kzalloc wọlé. Òdo ni lẹ́tà z yẹn. Function náà á gba wàláà, á fọ̀ ọ́ kó mọ́, á wá gbé e fún yín. Iṣẹ́ méjì tí oníkálukú ti ń dá ṣe tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ń bá gbogbo wọn ṣe é báyìí. Irú function bẹ́ẹ̀ ni mò ń pè ní amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò mú agbára tuntun kankan wá. Ó kàn kó ohun tí a máa ń gbàgbé pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ni. Nígbà tó sì jẹ́ pé orúkọ yẹn nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rí, tí orúkọ bá ṣìnà, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ti di ẹni tó ń ṣi ọ̀gá lọ́nà.

Orúkọ tó dára ni kzalloc. Ẹni tó pè é ń fẹ́ wàláà tó mọ́, orúkọ sì sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n mú wọlé tẹ̀lé e.

Kẹ́hìndé, Táíwò ńkọ́?

Function tó ń dá wàláà padà ni kfree. Kì í fọ nǹkan kan, ó kàn ń dá a padà ni. Ní 2009, wọ́n fi òmíràn kún un tó ń jẹ́ kzfree. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó kọ́kọ́ fọ wàláà kó tó dá a padà. Ìdí tó fi wà dára gan-an. Tó bá jẹ́ password tàbí kọ́kọ́rọ́ ìpàrokò lẹ kọ síbẹ̀, kò yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó máa gba wàláà náà lẹ́yìn yín.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn orúkọ yẹn bí wọ́n ṣe tò: kmalloc àti kfree, kzalloc àti kzfree. Kí ni ojú yín sọ fún yín? Ìbejì ni! Nílẹ̀ wa, tí ẹnì kan bá ní "Kẹ́hìndé ni orúkọ mi," ẹ ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó béèrè pé "Táíwò ńkọ́?" Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ béèrè, orúkọ ló béèrè. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó bá fi kzalloc gba mẹ́mórì ṣe máa wá kzfree tó fẹ́ fi dá a padà.

Àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe ìbejì rárá. Fífọ̀ tí kzalloc ń fọ̀, torí pé mi ò fẹ́ bá ìdọ̀tí ẹlòmíràn lórí wàláà ni. Fífọ̀ tí kzfree ń fọ̀, torí pé mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí tèmi ni. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ohun tí a fi kzalloc gbà ló jẹ́ pé kfree lásán ló yẹ ká fi dá a padà. Kọ́kọ́rọ́ ìpàrokò tí a fi kmalloc gba àyè fún, torí pé a máa kọ ọ́ kún, òun gan-an ló nílò kzfree.

Ẹ wá wo ohun tí orúkọ yẹn lè fà. Ẹni àkọ́kọ́ á máa fọ wàláà tí kò sí àṣírí kankan lórí ẹ̀, á máa fi àkókò ẹ̀rọ ṣòfò. Ìyẹn ṣì kéré. Ẹnì kejì fi kmalloc gba àyè, ó kọ kọ́kọ́rọ́ sí i, ó wá wo orúkọ, ó ní "kfree ni èkejì kmalloc," ó dá a padà láìfọ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Kóòdù á ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ò ní kú. Ìdánwò tí ẹ ṣe á yege. Àfi ojú ẹni tó ń ka kóòdù náà nìkan ló lè mú un, ojú yẹn náà sì ni orúkọ ń tàn jẹ.

Tí ẹ bá rò pé mò ń sọ àsọdùn nípa ohun tó ń ṣẹ́kù lórí wàláà, ẹ rántí Heartbleed ní 2014. Àṣìṣe kan nínú OpenSSL, tí ọ̀pọ̀ wẹ́ẹ̀bù ń lò láti dáàbò bo ọ̀rọ̀, jẹ́ kí àjèjì lè ka ohun tó wà nínú mẹ́mórì ẹ̀rọ wọn, tó 64 kílóbáìtì lẹ́ẹ̀kan, kó sì tún padà wá kà sí i. Password àti kọ́kọ́rọ́ wà lára ohun tó lè bọ́ síta. Àṣìṣe Heartbleed kì í ṣe ti orúkọ o. Mo kàn fi hàn yín pé ohun tí a kò fọ̀, ẹnì kan lè wá kà á ni.

Ní 2020, Linus fúnra rẹ̀ ní orúkọ kzfree kò dára. Ohun tó ń sọ ni pé kí orúkọ méjì jọra dára tí lílò wọn bá jọra. Tí kò bá jọra, ìṣìnà ni. Waiman Long wá yí orúkọ náà padà sí kfree_sensitive jákèjádò kernel, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn kóòdù ìpàrokò. Láti Linux 5.9 ló ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ sọ ìdí, ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀

Lójú tèmi, kì í ṣe pé wọ́n kàn fi orúkọ gígùn rọ́pò kúkúrú. Kzfree ń sọ ọ̀nà: fi òdo kún un. Kfree_sensitive ń sọ ìdí: ohun tó wà níbí kò yẹ kójú rí. Ọ̀nà lè yí padà lọ́la, ìdí kì í yí padà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìtàn yẹn kan náà. Compiler, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ kóòdù sí èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́, máa ń gbọ́n ju bó ṣe yẹ lọ nígbà mìíràn. Tó bá rí i pé ẹ fẹ́ fọ wàláà kí ẹ sì dá a padà lójú ẹsẹ̀, ó lè sọ pé, "Kí lèyí ń fọ̀ sí? Kò sáà ní kà á mọ́," á sì fo fífọ̀ náà láìsọ fún yín. Torí ewu yẹn, ní 2020 náà, wọ́n yí ohun tó wà nínú kzfree padà kó máa lo memzero_explicit, tó ń sọ fún compiler pé "mo mọ ohun tí mò ń ṣe, má fò ó." Ẹni tó ń pe function náà kò ní láti yí ohunkóhun padà. Tí wọ́n bá tún ní lọ́la pé kì í ṣe òdo làwọn fẹ́ máa fi bo àṣírí mọ́, kfree_sensitive á ṣì jẹ́ òótọ́. Kzfree ni ìbá ti di irọ́.

Ẹni tó bá ti gun òkè wa rí mọ bí orúkọ tó dá lórí ìrísí ṣe ń ṣini lọ́nà. Àwọn àlejò máa ń gbọ́ pé adágún tó rọ̀ sókè wà ní Adó-Àwáyè. Wọ́n á gun àtẹ̀gùn 369 náà, wọ́n á mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n á dé ibi Ìyákẹ̀, àwọn kan á wá máa wò yíká kí wọ́n rí ibi tí omi ti so mọ́ òfúrufú. Omi tó wà lórí àpáta ni. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé omi wà lókè yẹn rárá. Orúkọ ti kọ́ ojú wọn ní ohun tó máa wá, ojú sì ń wá a.

Àpẹẹrẹ kan tún wà. Tí ẹ bá ń tọrọ mẹ́mórì nínú Linux, ẹ máa ń fi àmì kan ránṣẹ́ tó ń sọ irú ipò tí ẹ wà. GFP_KERNEL ń sọ pé "mo lè dúró díẹ̀ tí kò bá sí nílẹ̀." GFP_ATOMIC ń sọ pé "mi ò lè dúró rárá." Láti 2007, àmì kan wà tó ń jẹ́ GFP_TEMPORARY, pé mẹ́mórì yìí, fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀ báwo? Ìṣẹ́jú àáyá kan? Wákàtí kan? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń jáde lọ gan-an ló máa ń sọ pé "mò ń bọ̀." Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì lè di ọ̀la. Bí àmì yẹn ṣe rí nìyẹn. Ní 2017, Michal Hocko yọ ọ́ kúrò nínú kernel, torí pé oníkálukú ló ń fún un ní ìtumọ̀ tó wù ú.

Ẹ̀yin tó ní orúkọ ò ṣe nǹkan

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Àkọ́kọ́ ni pé, "Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ function, kó lọ ka ìwé àlàyé rẹ̀." Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìwé àlàyé láago méjì òru, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ owó ènìyàn ti dákú? Orúkọ ló wà níwájú rẹ̀. Ibi tí ìwé àlàyé wà kì í ṣe ibi tí ojú wà.

Èkejì ni pé orúkọ kúkúrú ni àwọn àgbà C fi lélẹ̀ fún wa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà náà léèrè ìdí. Òfin èdè C ti 1989 fi dá yín lójú pé lẹ́tà mẹ́fà àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kà nínú orúkọ tí fáìlì kan máa pè láti òmíràn. Malloc, lẹ́tà mẹ́fà. Calloc, lẹ́tà mẹ́fà. Títí dòní ni àwọn ènìyàn ń jiyàn lórí ohun tí c inú calloc dúró fún. Ní 1999, wọ́n ti sọ mẹ́fà yẹn di 31. Àìní ló fa orúkọ kúkúrú. Àìní ti lọ, àwa ṣì ń pa àṣà rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta lágbára jù wọ́n lọ: yíyí orúkọ padà ń dun àwọn tó ti kọ kóòdù sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbà. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Ọdún mọ́kànlá ni kzfree fi jẹ́ kzfree. Àwọn baba wa ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìgbà ìkómọ ló yẹ ká rò ó, kì í ṣe ìgbà tí ọmọ ti wọ iléèwé.

Fọ̀, fọ́, fò

Kí ẹ má baà rò pé àwọn òyìnbó nìkan ni mò ń bá wí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Mo kọ kóòdù kékeré kan láti fi kọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn mi ní ẹ̀ka wa bí a ṣe ń pín mẹ́mórì. Mo ní Yorùbá ni màá fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣebí Anuoluwapo Karounwi ti ṣe èdè Yorlang, tó ń lo ọ̀rọ̀ bíi "sọpé." Mo kọ gba_wala, mo kọ fo_wala, mo kọ da_pada. Inú mi dùn.

Ọ̀kan nínú wọn kò pe fo_wala rárá. Àwọn nọ́ńbà tó yẹ kó ti pòórá wá ń yọjú níbi tí wọn ò ti yẹ. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé *fọ́ wàláà* ni. Mi ò fẹ́ ba nǹkan jẹ́." Èmi ń sọ fọ̀, òun ka fọ́. Ẹlòmíràn tún lè ka fò. Ẹ̀bi kì í ṣe tirẹ̀, tèmi ni.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni àmì ohùn. Láti GCC 10, tó jáde ní 2020, a lè kọ lẹ́tà bíi ọ̀ sínú orúkọ nínú C tààrà. Python 3 náà gbà á. Ṣùgbọ́n Go kò gbà á, torí pé ọ̀ kì í ṣe lẹ́tà kan lójú kọ̀ǹpútà: ọ ni, àti àmì ohùn tí a gbé lé e lórí, Go kò sì fàyè gba àmì bẹ́ẹ̀ nínú orúkọ. Mélòó nínú wa sì ni kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń gbé àmì jáde láìjà?

Ohun tó wá yanjú ọ̀rọ̀ náà ni ẹ̀kọ́ kfree_sensitive. Mo yọ ọ̀nà kúrò, mo fi ìdí sí i. Mo sọ ọ́ di da_pada_asiri. Fọ̀ tàbí fọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́ tí ẹnikẹ́ni máa ṣì kà. Àṣírí, bí ẹ kò tiẹ̀ fi àmì sí i, àṣírí náà ni. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó tún bi mí ní ìgbà tó yẹ kí òun pè é.

Mo rò pé iṣẹ́ wà níbí fún àwa tó ń fẹ́ kí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wọ èdè wa. Tí a bá kàn ń túmọ̀ orúkọ òyìnbó ní lẹ́tà sí lẹ́tà, àṣìṣe wọn la máa kó wọlé, a ó wá fi tiwa lé e. Ẹ má túmọ̀ kzfree. Ẹ béèrè ohun tó wà fún, kí ẹ sì sọ ọ́ lórúkọ ìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ́jọ́ yẹn, àbúrò mi fẹ́ lọ dá wàláà ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n fọ̀ ọ́ ná?" Mo ní, "Kí lo kọ sí i?"

Ìbéèrè tó yẹ kí function tó ń dá mẹ́mórì padà máa bi yín nìyẹn. Torí náà, ẹ̀yin tó ń kọ kóòdù, kí ẹ tó sọ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lórúkọ, ẹ bi ara yín ní nǹkan mẹ́ta. Ta ló máa pè é, kí ló sì ń fẹ́? Tí mo bá yí inú rẹ̀ padà lọ́la, ṣé orúkọ yìí á ṣì jẹ́ òótọ́? Àti pé ó jọ orúkọ ẹlòmíràn: ṣé ìbejì rẹ̀ ni lóòótọ́? Tí kì í bá ṣe ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá orúkọ mìíràn fún un.